Iná Bándì A: ohun tí owó yín rà, àti ohun tí kò rà

Ìlérí kan ṣoṣo ló wà nínú Bándì A, ìpele tó ga jù nínú ìpele márùn-ún tí wọ́n pín àwọn oníbàárà iná sí ní Nàìjíríà: iná ogún wákàtí lójúmọ́, ó kéré tán. Kò sí nínú rẹ̀ pé iná ò ní í máa ṣẹ́jú. Kò sí nínú rẹ̀ pé kò ní í ṣe báìbàì lálẹ́. Wákàtí ni wọ́n ń tà, wákàtí náà la sì ń sanwó rẹ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn ń retí ohun tí kò sí nínú ọjà tí wọ́n rà, wọn kì í sì í béèrè èyí tó jẹ́ ẹ̀tọ́ wọn gan-an. Ohun méjèèjì yìí ló yẹ ká yà sọ́tọ̀ọ̀tọ̀.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ ṣírò owó.

Ọjọ́ 3 oṣù Kẹrin ọdún 2024 ni NERC, àjọ ìjọba tó ń ṣàkóso ọ̀rọ̀ iná, fọwọ́ sí i pé kí yúníìtì kan fún Bándì A fò láti nǹkan bí ₦68 sí ₦225. Ó wálẹ̀ sí ₦206.80 nínú oṣù Karùn-ún, ó tún gun ₦209.50 nínú oṣù Keje ọdún kan náà. ₦209.50 yìí la ó fi ṣírò níbí. Bí iye tiyín bá yàtọ̀, ọ̀nà ìṣirò kò yí padà. Ká ní ẹ ra káàdì ₦10,000. VAT ìdá 7.5 nínú ọgọ́rùn-ún wà nínú rẹ̀, nítorí náà ẹ fi 1.075 pín in, ó ku ₦9,302. Ẹ wá fi ₦209.50 pín ìyẹn: yúníìtì 44 àti díẹ̀ ni yóò wọ mítà. Láyé ₦68, nǹkan bí 136 ni owó kan náà ń rà.

Ohun èlò tó ń jẹ 1,000 wáàtì, tó bá ṣiṣẹ́ fún wákàtí kan, yúníìtì kan ló jẹ. Áyọ́ọ̀nù tí a fi ń lọ aṣọ sún mọ́ ìyẹn. Kẹ́tùlù iná tó 2,000, ṣùgbọ́n ìṣẹ́jú mélòó kan ló fi ń ṣiṣẹ́, kì í ṣe òun ló ń gbé káàdì yín lọ. Firíìjì tó dára ń jẹ yúníìtì kan sí kan-àbọ̀ lójúmọ́. Èyí tí rọ́bà ẹnu ilẹ̀kùn rẹ̀ ti gbó lè jẹ púpọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ ó sì máa rò pé mítà ló ń sáré. Ẹ fi owó bébà kan há ẹnu ilẹ̀kùn náà, ẹ pa á dé, ẹ fà á. Tó bá yọ̀ jáde láìsí ìdènà kankan, ẹ pààrọ̀ rọ́bà náà kí ẹ tó lọ bá ẹnikẹ́ni jà. Ẹ̀rọ amúlétutù 1hp ló ń jẹ káàdì gan-an: tí ẹ bá tàn án fún wákàtí mẹ́jọ lóru, yúníìtì mẹ́rin sí márùn-ún ló máa gbà, pẹ̀lú bó ṣe ń sinmi láàárín. Òru mẹ́wàá péré, ₦10,000 ti tán.

Síbẹ̀, ẹ fi wé jẹnẹrétọ̀. Lítà pẹtiróòlù kan nínú jẹnẹrétọ̀ kékeré máa ń mú yúníìtì kan sí kan-àbọ̀ jáde, ìyẹn tí ẹ bá gbé ẹrù tó tó lé e lórí. Tó bá jẹ́ gílóòbù méjì àti fáànù kan ló gbé, epo ń jó lásán ni. Ká ní lítà kan jẹ́ ₦900, yúníìtì kan kò lè wálẹ̀ ju ₦600 lọ, láì tíì ka ọ́ìlì, púlọ́ọ̀gì àti owó atúnṣe. Ní ti owó nìkan, Bándì A borí jẹnẹrétọ̀ pátápátá. Télọ̀, onígbàjámọ̀, ẹlẹ́rọ ata tí fíídà wọn ń ṣe ojúṣe rẹ̀, gbogbo wọn ló mọ ìyàtọ̀ náà nínú àpò.

Fíídà la dárúkọ yìí. Òun ni wọ́n fi ń pín bándì, kì í ṣe òpópónà, kì í sì í ṣe ilé. Fíídà sábà máa ń jẹ́ wáyà 11kV tó gbéra láti ibùdó ìpínná, tó sì ń bọ́ tiransifọ́mà púpọ̀ lójú ọ̀nà rẹ̀. Èyí tó bá ń rí 20 wákàtí sókè ni A, 16 ni B, 12 ni C, 8 ni D, 4 ni E. Ìdí nìyẹn tí ilé méjì tó dojú kọ ara wọn fi lè máa san owó ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀: títì ló yà wọ́n, ṣùgbọ́n wáyà tó ń bọ́ wọn kì í ṣe ọ̀kan náà.

Ibi tí ìṣòro wà nìyí. Ibùdó ìpínná, níbi tí fíídà ti gbéra, ni wọ́n ti ń ka wákàtí. Iná tí ẹ ń lò, ẹnu ilé yín ló wà. Láàárín ibi méjèèjì, tiransifọ́mà wà, fíùsì wà, òpó wà, wáyà wà, èyíkéyìí nínú wọn sì lè kú. Tí fíùsì fésì yín, ìyẹn wáyà tó ń gbé iná wá sílé yín, bá jó lábẹ́ tiransifọ́mà, tí kò sẹ́ni tó wá tún un ṣe fún ọjọ́ mẹ́rin, wákàtí 96 lẹ lò nínú òkùnkùn. Nínú ìwé ibùdó, fíídà yín ríná ní gbogbo ọjọ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Àléébù tó tóbi jù lọ nínú iṣẹ́ yìí nìyẹn, ìrora rẹ̀ sì pọ̀ nítorí pé ẹni tó ń san owó tó ga jù ni kò ní ohun tó máa fi hàn pé wọn kò fún òun ní ohun tí òun rà.

Àṣẹ NERC ti oṣù Kẹrin 2024 yẹn kò kàn fowó lé e lásán, ó tún dè wọ́n mọ́lẹ̀. Tí fíídà Bándì A kò bá rí iye wákàtí rẹ̀ fún ọjọ́ méjì léraléra, iléeṣẹ́ apínná gbọ́dọ̀ sọ ìdí rẹ̀ lórí ìkànnì wọn kó tó di aago mẹ́wàá àárọ̀ ọjọ́ tó tẹ̀ lé e, kí wọ́n sì sọ ìgbà tí yóò padà bọ̀ sípò. Tó bá di ọjọ́ méje léraléra, ó di dandan kí fíídà náà já sí bándì tí wákàtí tó ń rí bá mu, kí owó rẹ̀ sì já tẹ̀ lé e. Kò dúró de kí ẹnikẹ́ni kọ lẹ́tà kí èyí tó ṣẹlẹ̀. Ṣùgbọ́n àdúgbò tí kò ní àkọsílẹ̀ kò lè mọ̀ bóyá wọ́n ṣe é tàbí wọn ò ṣe é.

Ohun tó máa ṣe àkọsílẹ̀ náà kò wọ́n. Wọ́n ń ta ẹ̀rọ kékeré kan tí wọ́n ń pè ní hour meter, irú èyí tí wọ́n ń dè mọ́ jẹnẹrétọ̀ ńlá kí wọ́n lè mọ ìgbà tó yẹ kí wọ́n pààrọ̀ ọ́ìlì. Ẹ béèrè èyí tó ń lo 220V AC, 50Hz. Ẹ má gba ti bátìrì 12V. Nọ́ńbà ojú rẹ̀ kì í rìn àfi tí iná bá wà lára rẹ̀, kì í sì í padà sí òdo tí iná bá lọ. Kí oníṣẹ́ iná so ó mọ́ ẹ̀yìn mítà, kó tó dé ṣéńjófà, ní ẹ̀gbẹ́ NEPA, kó sì fi bréékà kékeré 6A sí i lójú ọ̀nà. Tí wọ́n bá so ó sí ẹ̀yìn ṣéńjófà, yóò máa ka wákàtí jẹnẹrétọ̀ àti ti inverter pọ̀ mọ́ ti NEPA, iṣẹ́ ti bàjẹ́ nìyẹn. Ẹ má sì jẹ́ kí káàdì tán, nítorí mítà tí kò ní yúníìtì ń gé iná, wákàtí tó bá sì gé kò ní í wọlé sínú àkọsílẹ̀ yín.

Láago méje àárọ̀ ojoojúmọ́, ẹ ya fọ́tò ojú rẹ̀. Ẹ yọ nọ́ńbà àná kúrò nínú tòní. Tó bá ṣẹ́ ku 17.4, wákàtí 17 àti ìṣẹ́jú 24 lẹ rí, kò pé. Ó dára kí ilé mẹ́ta lórí tiransifọ́mà kan náà ní in, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn wà lórí fésì tirẹ̀. Tí nọ́ńbà ilé kan bá dúró nígbà tí ti àwọn méjì yòókù ń rìn, fíùsì fésì yẹn ni. Tí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá dúró lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ wo tiransifọ́mà tó tẹ̀ lé tiyín lórí fíídà náà: tí ìyẹn bá ríná, tiransifọ́mà tiyín ló ní ìṣòro, tí òun náà bá wà lókùnkùn, fíídà ni. Ẹni tó bá lè sọ èyí lórí fóònù fún àwọn oníṣẹ́ iná kò ní í rí ìdáhùn kan náà pẹ̀lú ẹni tó kàn sọ pé “kò síná”.

Ọ̀rọ̀ bí iná ṣe rí nígbà tó bá wà ló kù, òun ló sì ń ba nǹkan ilé jẹ́.

Ẹ gbójú sókè wo òpó iwájú ilé. Wáyà mẹ́rin ló ń bọ̀ láti tiransifọ́mà: fésì mẹ́ta, èyí tí a ń pè ní pupa, yẹ́lò àti búlúù, pẹ̀lú niutira. Láàárín fésì kan àti niutira, 230V ni. Láàárín fésì méjì, 400V ó lé. Niutira ni gbogbo ilé jọ fẹ̀yìn tì. Níbi tí kébù kọ́pà bá ti pàdé wáyà alumíníọ̀mù lórí òpó, kílípì tí wọ́n ṣe fún irin méjèèjì ló yẹ kó so wọ́n pọ̀. Ohun tí ẹ ó sábà rí ni kọ́pà tí wọ́n kàn lọ́ mọ́ alumíníọ̀mù bí ẹni ń di ìdì igi. Òjò á rọ̀ sí i, irin kan á máa jẹ èkejì, ìyẹ̀fun funfun á bo ojú ibẹ̀. Ó ń gbóná lálẹ́ nígbà tí ẹrù bá pọ̀, ó ń tutù lóru, ó sì ń tú díẹ̀díẹ̀. Lọ́jọ́ tí niutira tí gbogbo wọn jọ ń lò bá já, àwọn ilé orí fésì pupa àti ti búlúù á wá máa pín 400 ó lé yẹn láàárín ara wọn, ilé tí ẹrù rẹ̀ kéré ni yóò sì gba èyí tó pọ̀ níbẹ̀. Ilé tó jẹ́ pé gílóòbù méjì péré ló tàn lè gba 300V sókè, nígbà tí ilé tó ń lo ẹ̀rọ amúlétutù ò ní í rí 100.

Àmì rẹ̀ kò fara sin. Gílóòbù yín á mọ́lẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ lójijì, ariwo fáànù á yí padà, òórùn rọ́bà tó ń jó á sì máa jáde láti ibì kan, bẹ́ẹ̀ ẹ ó gbọ́ tí aládùúgbò ń pariwo pé iná tòun ti di báìbàì. Ẹ má wá ìdí rẹ̀ nígbà yẹn. Bréékà ńlá ni kí ẹ kọ́kọ́ pa, kẹ́ ẹ tó máa béèrè.

Tí kò bá wá sẹ́nì kankan nílé ńkọ́? Ìyẹn ni wọ́n ṣe ṣe voltage protector. Èyí tó tó 63A ń wọ inú àpótí bréékà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bréékà ńlá, ojú rẹ̀ sì ń fi iye fóòtì hàn. Ẹ ṣètò rẹ̀ kó gé iná tó bá kọjá 250V, kó gé e tó bá wálẹ̀ ju 180V lọ, kó sì dúró fún 180 ìṣẹ́jú-àáyá kó tó dá iná padà. Ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé èyí tí wọ́n fi sí i láti ilé-iṣẹ́. Ó lè jẹ́ 270V àti 30 ìṣẹ́jú-àáyá, ìyẹn kò sì dára fún firíìjì. Nígbà tí kọ̀mpúrẹ́sọ̀ firíìjì bá dúró, gáàsì ẹ̀gbẹ́ kan ṣì ń ti ẹ̀gbẹ́ kejì. Tí iná bá padà dé kíákíá, mọ́tò á fẹ́ gbéra, kò ní í lè gbé e, á máa kùn, á gbóná, wáyà inú rẹ̀ á sì jó. Ìṣẹ́jú mẹ́ta ni gáàsì náà nílò kó lè dọ́gba. Ọ̀pọ̀ firíìjì tí wọ́n sọ pé “high current” ló pa, iná tó ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀mẹta láàárín ìṣẹ́jú kan ló pa á. Sitabiláísà nìkan kò lè ṣe iṣẹ́ yìí. Ó ń gbé fóòtì tó rẹlẹ̀ sókè ni. 400V tó bá já lù ú, òun fúnra rẹ̀ ló máa kọ́kọ́ jóná.

Ẹ̀bi kan wà tó jẹ́ ti àwa tí à ń lo iná. Tiransifọ́mà 500kVA lè gbé bí 695 áḿpì lórí fésì kọ̀ọ̀kan. Tí ilé 150 bá wà lórí rẹ̀, ohun tó kan ilé kan kò ju 3.3kVA lọ. Ó ń tó nígbà tí iná bá wà látàárọ̀, nítorí pé bí firíìjì tibí ṣe ń sinmi ni tọ̀hún ń gbéra. Ṣùgbọ́n tí iná bá lọ fún wákàtí mẹ́fà, nígbà tó bá máa fi padà, gbogbo firíìjì ti gbóná, gbogbo tánkì omi ti gbẹ, gbogbo yàrá ti móoru. Gbogbo ẹ̀rọ á gbéra lọ́wọ́ kan, mọ́tò tó bá sì ń gbéra ń fa iná ìlọ́po mélòó kan iye tó ń lò tó bá ti ń yí. Àwọn ọmọdé á pariwo “Ọ̀pù NEPA!”, ariwo náà ò sì ní í tíì rọlẹ̀ tán tí fíùsì fésì tó kún jù fi máa fò. Àwọn tó wà lórí fésì yẹn á ní kí wọ́n yí àwọn sí fésì mìíràn. Ìyẹn náà á kún, á fò.

Ibi tó burú jù ni kí wọ́n wá fi wáyà tó ki dípò fíùsì. Ẹ má gbà á rárá, bí ẹni tó fẹ́ ṣe é bá tiẹ̀ sọ pé kí iná lè dúró ni. Tí fíùsì kò bá lè jó, tiransifọ́mà ló máa jó, pípààrọ̀ ìyẹn sì lè gba ọ̀sẹ̀ mélòó kan tàbí oṣù. Ohun tó yẹ kó jẹ́ àdéhùn àdúgbò ni pé: tí iná bá ti lọ, kí oníkálùkù pa ẹ̀rọ amúlétutù, ẹ̀rọ omi àti ẹ̀rọ amómigbóná, tó bá padà, kí gílóòbù, fáànù àti firíìjì kọ́kọ́ ṣiṣẹ́ fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ẹ̀rọ omi lè dúró di òru. Àdúgbò tó bá ṣe èyí ò ní í máa dáwó fíùsì bíi ti tẹ́lẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká wá kúrò lábẹ́ òpó, ká lọ sí Òṣogbo. Ibẹ̀ ni ibùdó tó ń darí gíríìdì, ìyẹn àwọn wáyà ńlá tó so iná gbogbo Nàìjíríà pọ̀, wà. Gbogbo ẹ̀rọ amúnáwá tó wà lórí gíríìdì, láti Kainji dé Ẹgbin ní Ìkòròdú, ìlù kan náà ni wọ́n jọ ń jó sí: 50Hz, ìyẹn ìgbà àádọ́ta láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Tí ẹrù bá pọ̀ ju iná lọ, ìlù á falẹ̀. Ẹ̀rọ kan ṣoṣo ní Ẹgbin tó 220MW (mílíọ̀nù wáàtì 220). Tí gíríìdì bá ń gbé 4,500MW lọ́jọ́ náà, tí ẹ̀rọ yẹn sì dédé kú, ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún ló lọ lẹ́ẹ̀kan. Ohun tó yẹ kó gbà á là ni ẹ̀rọ mìíràn tó ti ń yí sílẹ̀ láìgbé ẹrù rẹ̀ kún, kó lè ki ọwọ́ bọ̀ ọ́ láàárín ìṣẹ́jú-àáyá. Irú àfikún bẹ́ẹ̀ kì í tó. Ìlù á máa falẹ̀ sí i, àwọn ẹ̀rọ yòókù á já ara wọn kúrò kí wọ́n má baà bàjẹ́, gíríìdì á sì dákú. Àwọn wáyà 330kV náà kò tíì ṣe àyípo tó: níbi púpọ̀, ọ̀nà tí iná lè gbà kò pọ̀, tí ọ̀kan bá já, ẹrù rẹ̀ á wó lé èyí tó kù. Ní oṣù Kẹwàá 2024, gíríìdì dàwó ní ọjọ́ 14, ọjọ́ 15 àti ọjọ́ 19. Ti ọjọ́ 19 yẹn, ohun èlò kan tó bú gbàù ní ibùdó Jẹ́bà ló dá a sílẹ̀.

Tí gíríìdì bá dákú, kì í jí lẹ́ẹ̀kan náà. Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ tó ń fi gáàsì ṣiṣẹ́ nílò iná láti ìta kó tó lè gbéra, nítorí náà àwọn tó ń fi omi ṣiṣẹ́, bíi Ṣíróró, wà lára àwọn tó ń kọ́kọ́ jí, kí wọ́n tó ti iná lọ bá àwọn yòókù, apá kan tẹ̀ lé òmíràn. Wáyà gígùn tí ẹrù rẹ̀ kéré a sì máa gbé fóòtì sókè. Ìyẹn ló fà á tí iná tó kọ́kọ́ padà lẹ́yìn tí gíríìdì bá dákú fi máa ń le ju bó ṣe yẹ lọ. Kì í ṣe àkókò yẹn ló yẹ kéèyàn sáré lọ tan tẹlifíṣọ̀n.

Iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe lórí gíríìdì láti mú un lágbára sí i, láti ìgbà àdéhùn pẹ̀lú Siemens ní 2019, pọ̀ ní oríṣi: tiransifọ́mà tó tóbi sí i, wáyà tuntun, ẹ̀rọ tí yóò jẹ́ kí Òṣogbo máa rí ohun tó ń lọ káàkiri láìjẹ́ pé wọ́n ń fóònù kiri. Ohun tó kan aráàlú níbẹ̀ ṣe pàtàkì láti mọ̀. Gíríìdì tó ní ẹ̀rọ aláìdúró-gbàṣẹ tó ń já fíídà kan sílẹ̀ kí ìlù má baà falẹ̀ jù, ó lè mú iná yín lọ fún ogún ìṣẹ́jú ní ọ̀sán gangan. Èyí tí kò ní in á mú ti gbogbo orílẹ̀-èdè lọ títí di ọ̀gànjọ́. Nítorí náà, ogún ìṣẹ́jú yẹn lè jẹ́ àmì pé nǹkan ti ń dára. Ohun tó yẹ ká bínú sí ni kó jẹ́ fíídà kan náà ni wọ́n ń já nígbà gbogbo.

Wọ́n sì ń ṣe bẹ́ẹ̀. Iná tó pọ̀ jù lọ lórí gíríìdì wa títí di oṣù Kẹta 2025 ni 5,801MW, fún orílẹ̀-èdè tí èèyàn inú rẹ̀ ju igba mílíọ̀nù lọ. Tí iná bá dín kù, tí Bándì A sì gbọ́dọ̀ pé 20 wákàtí, ibòmíràn ni wọ́n á ti bù ú wá: lára àwọn tó wà ní C, D àti E. Owó yúníìtì tiwọn kéré lóòótọ́, ṣùgbọ́n owó epo jẹnẹrétọ̀ ń gba èyí tí wọn ò san fún NEPA lọ́wọ́ wọn, ní ìlọ́po mẹ́ta. Ìyá tó ń ta ẹja tútù ní àdúgbò Bándì D ló ń san owó iná tó ga jù nílùú. Iṣẹ́ tí a bá yìn nítorí pé ó dára fún àwa, tí òkùnkùn ẹlòmíràn sì wà nínú rẹ̀, kò ní í gba máàkì pípé lọ́wọ́ wa. Lórí owó, a fún Bándì A ní 4 nínú 5. Lórí wákàtí, níbi tí fíídà bá dára, 4. Lórí bí iná ṣe mọ́ sí, 2. Lórí wàhálà abẹ́ tiransifọ́mà, 1.

Fún ìyá ẹlẹ́ja yẹn àti ẹnikẹ́ni tó ní fírísà: èyí tó kún dẹ́nu, tí wọn ò ṣí, lè mú yìnyín dúró fún nǹkan bí ọjọ́ méjì, èyí tó kún ìdajì, ọjọ́ kan. Tí ọjà bá dín kù, ẹ fi kẹ́ẹ̀gì omi tí ẹ ti sọ di yìnyín kún àlàfo rẹ̀. Ẹ bò ó ní bùláńkẹ́ẹ̀tì, ṣùgbọ́n ẹ ká a kúrò kí iná tó padà, kí ara rẹ̀ lè máa tú ooru jáde.

Wákàtí mẹ́rin tí Bándì A kò ṣèlérí rẹ̀ kò nílò sólà ńlá. Gílóòbù márùn-ún, fáànù méjì, tẹlifíṣọ̀n kan, ẹ̀rọ Wi-Fi àti firíìjì kékeré, gbogbo rẹ̀ kò ju 315 wáàtì lọ tí a bá fi ìsinmi firíìjì ṣírò. Fún wákàtí mẹ́rin, ó jẹ́ 1,260. Ẹ fi ohun tí inverter máa jẹ kún un, ó sún mọ́ 1,500. Bátìrì lithium 25.6V, 100Ah gba 2,560. Tí ẹ bá lo ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀, 2,048 ni, ó tó, ó tún ṣẹ́ kù. Tó bá jẹ́ bátìrì olómi, 12V 200Ah méjì lẹ máa nílò, ẹ má sì lò ó kọjá ìdajì. Inverter 1.5kVA sí 2kVA, 24V ti tó, ìyẹn nítorí bí firíìjì ṣe ń fa iná nígbà tó bá ń gbéra. Tí bọ́tìnnì UPS àti APL bá wà lára rẹ̀, UPS ni kí ẹ fi sí, kó má baà máa gba iná tó rẹlẹ̀ jù wọlé fún àwọn ohun èlò yín. Owó iná tí ẹ ó fi kún bátìrì náà láti orí Bándì A kò tó ₦700.

Ẹni tó bá ra ilé tí mítà rẹ̀ ti wà láìlò fún ìgbà pípẹ́, kó ṣọ́ra. Aago inú gbogbo mítà onítókìnì kún ní ọjọ́ 24 oṣù Kọkànlá 2024. Mítà tí wọn ò fi tókìnì ìyípadà méjì, ogún nọ́ńbà ọ̀kọ̀ọ̀kan, sí kò ní í gba káàdì tuntun. Ọ̀dọ̀ iléeṣẹ́ apínná ni wọ́n ti ń gba méjèèjì. Ẹ tẹ àkọ́kọ́, ẹ tẹ èkejì, kí ẹ tó tẹ ti káàdì.

Ibi tí ẹ ó gbé ẹjọ́ lọ ti ń yí padà. Òfin iná ọdún 2023 gbà kí ìpínlẹ̀ máa ṣàkóso iná tirẹ̀. Èkìtì, Oǹdó, Ọ̀yọ́, Ògùn àti Èkó wà lára àwọn tó ti gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ NERC. Ọ́fíìsì ẹ̀sùn iléeṣẹ́ apínná lẹ ó kọ́kọ́ lọ síbẹ̀síbẹ̀. Tí wọn ò bá dáhùn, ó di ọ̀dọ̀ àjọ ìpínlẹ̀ yín, tàbí NERC níbi tí ìpínlẹ̀ ò bá tíì gbà á. Nínú lẹ́tà náà, ẹ kọ orúkọ fíídà, nọ́ńbà mítà, àti nọ́ńbà tí wọ́n fi ọ̀dà kọ sára tiransifọ́mà. Ẹ so fọ́tò hour meter ọjọ́ méje mọ́ ọn, ọjọ́ kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú iye wákàtí rẹ̀. Ẹ ní kí wọ́n fún yín ní nọ́ńbà ẹ̀sùn, kí ẹ sì rí i kí wọ́n kọ ọ́ sí ẹ̀dà tiyín kí ẹ tó kúrò lẹ́nu wíńdò.